Báwo ni ayé wa ṣe ní òṣùpá ńlá báyìí? Òkúta Ìjerò ní nǹkan láti sọ sí i

Ìràwọ̀ kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń rí nítòsí òṣùpá lálẹ́, tó máa ń tàn yòò ju gbogbo ìràwọ̀ yòókù lọ. Àgùàlà ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní ajá òṣùpá, torí ó dà bíi pé ó ń tẹ̀lé e kiri. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá o, kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì ni. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ilé ayé tí à ń gbé yìí. Ohun tó ń ṣe èmi ní kàyéfì ni pé Àgùàlà tí a ní ó ń tẹ̀lé òṣùpá ẹlòmíì yìí, òun fúnra rẹ̀ kò ní òṣùpá kankan. Ẹyọ kan péré, kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn pílánẹ́ẹ̀tì olókùúta tó wà nítòsí òòrùn. Mẹ́rin ni wọ́n: Mercury, Àgùàlà, ayé wa, àti Mars. Mercury kò ní òṣùpá. Àgùàlà kò ní. Mars ní méjì, Phobos àti Deimos, ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, òkúta lásán ni wọ́n. Phobos ló tóbi jù nínú àwọn méjèèjì, kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 22 lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ká ní wọ́n gbé e kalẹ̀ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí wọ́n kọ orí rẹ̀ sí apá Ìjerò, agbára káká ni yóò fi dé ìlú náà. Wàyí o, òṣùpá tiwa fẹ̀ tó kìlómítà 3,474. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ 12,742. Ìyẹn ni pé òṣùpá wa ju ìdá mẹ́rin ayé lọ ní fífẹ̀. Òótọ́ ni pé Jupiter ní òṣùpá tó tóbi ju tiwa lọ, àmọ́ ẹ wo bí Jupiter fúnra rẹ̀ ṣe tó! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba wọn, àwọn òṣùpá Jupiter dà bí èṣúnṣún lára erin. Nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì olókùúta, àwa nìkan la ní òṣùpá tó tó ká pè ní òṣùpá.

Báwo ló ṣe wá jẹ́?

Ìdáhùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa kò dúró. Ní ọdún 1879, George Darwin, ọmọ Charles Darwin tí gbogbo ayé mọ̀, sọ pé ayé ló ń yí kánkán nígbà kan rí, débi pé apá kan já kúrò lára rẹ̀ tó sì di òṣùpá. Àwọn kan tilẹ̀ fi kún un pé òkun Pàsífíìkì ni ojú ọgbẹ́ ibi tó ti já. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kí ayé tó lè yí débi tí yóò fi já, eré tó gbọ́dọ̀ máa sá pọ̀ gan-an, eré yẹn kì í sì í ṣòfò, ó yẹ kó ṣì wà lára ayé àti òṣùpá títí di òní. Kò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni òṣùpá ń kọjá lọ tí ayé fi agbára òòfà rẹ̀ fà á mú. Ìyẹn náà le. Ẹni tó fẹ́ bọ́ sínú mọ́tò tó ń sáré mọ̀ pé àfi kí mọ́tò náà dín eré rẹ̀ kù, kí ló wá fẹ́ dín eré òṣùpá kù lójú òfuurufú? Ìkẹta ní ibì kan náà ni ayé àti òṣùpá ti dàgbà pọ̀, bí ìbejì. Èyí ló fara jọ òótọ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ọ̀rọ̀ irin ló bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ irin wo nìyẹn? Nínú ayé wa, irin ló wà ní àárín gbùngbùn. Ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta gbogbo ìwọ̀n ayé. Nígbà tí ayé ṣì gbóná tó ń yọ́, irin wúwo, ó rì sísàlẹ̀, òkúta sì léfòó, bí ògì ṣe máa ń sílẹ̀ tí omi ògì á wà lókè. Tí òṣùpá bá jẹ́ ìbejì ayé, ó yẹ kí tirẹ̀ náà ní irin tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tó wà ní àárín òṣùpá kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìwọ̀n rẹ̀. Òkúta ni òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Ìbejì wo ni ọ̀kan nínú wọn yóò kó gbogbo irin ilé lọ tí èkejì yóò máa wò ó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lọ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Láàárín ọdún 1969 sí 1972, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn èèyàn Apollo gúnlẹ̀, wọ́n sì kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tó tó kìlógíráàmù 382 wálé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé òkúta náà gbẹ táútáú. Gbogbo ohun tó máa ń tètè fẹ́ lọ bí iná bá mú un, bíi zinc, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ mọ́. Òkúta tí wọ́n ti yan nínú iná ńlá ni. Wọ́n sì rí àwọn òkúta funfun kan tí a ń pè ní anorthosite, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì feldspar.

Ẹ̀yin ará Ìjerò, ẹ mọ feldspar. Òun ni òkúta funfun tàbí aláwọ̀ osùn fífúyẹ́ tí wọ́n ń wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe táìlì àti àwo. Ti orí òṣùpá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ìjerò nínú èròjà, àmọ́ ẹbí kan náà ni wọ́n. Ibi tó mọ́lẹ̀ lára òṣùpá, ibi tí a fi ń ta àlọ́ láyé àtijọ́ láìtan fìtílà, feldspar ni.

Ní ọdún 1975, William Hartmann àti Donald Davis tẹ ìwé kan jáde; lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alastair Cameron àti William Ward náà gbé ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nǹkan ńlá kan ló kọlu ayé. Nǹkan yìí kì í ṣe òkúta kékeré o. Pílánẹ́ẹ̀tì odindi ni, tó tóbi tó Mars. Theia ni wọ́n wá ń pè é lẹ́yìn náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó.

Eré tó bá wá lé ní kìlómítà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú eré bẹ́ẹ̀, láti Ìjerò dé Adó-Èkìtì, ẹ ò ní tíì ka ení, èjì, ẹ̀ta tán. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kò kọlu ayé ní gbangba àyà. Ẹ̀gbẹ́ ló ti fi ṣá a. Ẹ gbé igbá kan kalẹ̀: tí ẹ bá tì í láàárín gan-an, á kàn sún lọ síwájú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbá a létí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó nìyẹn. Ọjọ́ kan nígbà náà, láti àárọ̀ dé àárọ̀, lè má ju wákàtí 5 lọ.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe yanjú ọ̀rọ̀ irin. Kí ìkọlù tó ṣẹlẹ̀, irin ayé ti rì sí àárín, ti Theia náà ti rì sí àárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn, òkúta ẹ̀yìn ara àwọn méjèèjì ló fọ́n sókè. Irin Theia ní tirẹ̀ rì wọnú ayé, ó lọ dara pọ̀ mọ́ irin tó wà níbẹ̀. Òkúta tó fọ́n sókè, tó ti yọ́, tí òmíràn tilẹ̀ ti di oruku àti gáàsì, wá tẹ́ yí ayé po bí etí akẹtẹ̀ ṣe máa ń yí orí ká. Nínú akẹtẹ̀ iná yìí ni òṣùpá ti jáde. Ní ọdún 2001, Robin Canup àti Erik Asphaug fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ìkọlù náà, wọ́n sì rí i pé ìkọlù kan ṣoṣo láti ọwọ́ nǹkan tó tó Mars lè fún wa ní òṣùpá tó ní ìwọ̀n tó yẹ, tí irin inú rẹ̀ kéré, tí ayé náà á sì máa yí bó ṣe yẹ.

Òfin kan wà tí òṣùpá tó fẹ́ dàgbà gbọ́dọ̀ pa mọ́. Tó bá sún mọ́ ayé jù, agbára òòfà ayé á máa fà á ya. Ààlà yẹn wà ní nǹkan bíi kìlómítà 18,500 sí àárín ayé. Láàárín ààlà, òkúta kò lè para pọ̀. Bí wọ́n bá ti ń gbìyànjú ni ayé á máa tú wọn ká. Àwọn tó ré kọjá ààlà náà ló ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń di òkìtì, tí òkìtì ń gbé òkìtì mì. Iye àkókò tó gbà, ibẹ̀ làríyànjiyàn wà. Àwọn kan ní oṣù mélòó kan títí dé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 2022, Jacob Kegerreis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo kọ̀ǹpútà alágbára ńlá, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wákàtí mélòó kan péré. Ẹ fojú inú wò ó: kí wọ́n tó gún iyán alẹ́ tán, òṣùpá ti dé.

Òṣùpá ọ̀hún kò jìnnà nígbà náà. Lónìí, ó jìn sí wa tó kìlómítà 384,400, nígbà yẹn ó lè má ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún àti díẹ̀ lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè wò ó, àmọ́ ká ní ó wà, ìlọ́po bíi 15 ni ojú òṣùpá ì bá fi fẹ̀ ju bí a ṣe ń rí i lọ. Látìgbà náà ló sì ti ń rọra sún kúrò. Àwọn èèyàn Apollo gbé dígí sílẹ̀ lórí òṣùpá, àwọn onímọ̀ sì ń tan iná laser sí dígí náà láti ayé, wọ́n ń ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Sẹ̀ǹtímítà 3.8 ni òṣùpá fi ń jìnnà sí wa lọ́dọọdún, ìyẹn bí èékánná ọwọ́ ṣe ń gùn tó.

Ibi tí mo ti fẹ́ ká dúró díẹ̀ rèé, torí Ìjerò ló kàn.

Òṣùpá tuntun yìí, òkun iná ni ojú rẹ̀. Àpáta yíyọ́ tó jìn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Báwo la ṣe mọ̀? Feldspar funfun yẹn ló sọ fún wa. Bí òkun àpáta bá ń tutù, kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wúwo máa ń kọ́kọ́ dì, wọ́n á rì. Nígbà tó yá, feldspar dì, òun sì fúyẹ́, ó léfòó, ó di èèpo òṣùpá.

Kí ló wá kù láàárín? Ẹ ra sóbò inú náílọ́nù tó ti dì gbagidi. Nígbà tí ọmọdé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mu, èyí tó kọ́kọ́ ń jáde pupa fòò, ó sì dùn ju oyin lọ. Tó bá fi máa kù díẹ̀, yìnyín funfun tí kò dùn ló kù sínú náílọ́nù. Ohun tó fà á ni pé bí omi bá ń di yìnyín, kì í gba ṣúgà àti àwọ̀ láyè, ó ń tì wọ́n sápá kan, títí gbogbo adùn fi kó jọ sínú ìwọ̀nba omi tó dì kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpáta yíyọ́ ṣe ń ṣe. Àwọn èròjà kan wà tí ara wọn kò bá òkúta tó ń dì mu, òmíràn tóbi jù, òmíràn kéré jù. Wọ́n á máa tì wọ́n kiri, títí wọ́n á fi kó jọ sínú èyí tó kẹ́yìn. Lórí òṣùpá, KREEP ni wọ́n ń pe ìyókù yìí. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn èròjà inú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, K jẹ́ àmì potassium, P sì jẹ́ ti phosphorus. Apá òṣùpá tó kọjú sí wa, níbi tí àbàwọ́n dúdú ti fẹ̀ jù, ibẹ̀ ló pọ̀ sí.

Ìjerò ní tirẹ̀. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 sí 600 ọdún sẹ́yìn, àpáta yíyọ́ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì tó ń tutù díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ dì di àpáta líle tí a mọ̀. Ìyókù, tí omi àti èròjà tí kò ríbi jókòó ti kún inú rẹ̀, wá gba ojú sánnásánná wọlé, ó sì dì sínú rẹ̀. Pegmatite nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí tantalite, tourmaline, tín, máíkà tó ń dán bíi gíláàsì, àti lithium tí gbogbo ayé ń wá fún bátìrì mọ́tò fi wà ní Ìjerò. Òfin tó kó KREEP jọ sójú òṣùpá náà ló kó lithium jọ síbẹ̀. Àpáta Ẹ̀fọ̀n ní tirẹ̀ yàtọ̀: yanrìn ni quartzite àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n nígbà kan rí, kó tó di pé ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ ọ́ di òkúta. Ẹ má retí lithium nínú rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjerò àti Àrámọkọ mọ èyí dunjú. Kì í ṣe gbogbo òkúta funfun ló ní lithium nínú. Èyí tó dì kẹ́yìn ni. Ẹni tó wá láti òkè òkun wá rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi dígà gbẹ́ ẹ nínú kòtò, tí kòtò náà lè wó lù, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì yanjú, òun ló sì ń da àwọn onímọ̀ láàmú jù. Ọ̀rọ̀ ilà ojú ni. Oríṣi ọ́síjìn mẹ́ta ló wà nínú òkúta, bí wọ́n ṣe pọ̀ sí ara wọn sì yàtọ̀ láti pílánẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, bí ilà ojú ìdílé kan ṣe yàtọ̀ sí ti ìdílé mìíràn. Nàìjíríà ní ẹlẹ́rìí lórí èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sí Zagami, ní agbègbè Katsina. Ó wúwo tó kìlógíráàmù 18. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Mars ni wọ́n rí i pé ó ti wá, ilà ọ́síjìn rẹ̀ sì yàtọ̀ gedegbe sí ti ayé. Ṣùgbọ́n òṣùpá ńkọ́? Ilà òṣùpá àti ti ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní ìyàtọ̀ rárá.

Ẹ rí ìṣòro ibẹ̀. Nínú àfarawé kọ̀ǹpútà ti àkọ́kọ́, ara Theia ni èyí tó pọ̀ jù nínú òṣùpá ti wá. Theia ló yẹ kó jọ. Báwo ló ṣe wá jọ ayé? Ó lè jẹ́ pé aládùúgbò ayé ni Theia, tí ilà wọn ti jọra tẹ́lẹ̀. Simon Lock àti Sarah Stewart ní tiwọn sọ pé ìkọlù náà le ju bí a ṣe rò lọ, débi pé ayé àti Theia di ìkùukùu àpáta kan ṣoṣo, tí wọ́n pò bí ẹ̀kọ, kí òṣùpá tó jáde láti inú rẹ̀. Èmi kò tíì gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti aládùúgbò ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí kò béèrè pé kí nǹkan àrà ṣẹlẹ̀.

Theia náà wá dà? Ní ọdún 2023, Qian Yuan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èrò kan jáde. Àwọn tó ń fi ìmìtìtì ilẹ̀ wo inú ayé ti mọ̀ tipẹ́ pé òkìtì ńlá méjì wà ní ìsàlẹ̀, níbi tó jìn tó kìlómítà 2,900, tí ìgbì ìmìtìtì máa ń falẹ̀ bó bá dé ibẹ̀. Ọ̀kan wà lábẹ́ òkun Pàsífíìkì, èkejì wà lábẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Yuan ní ìyókù ara Theia ni wọ́n. Wọn kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn mìíràn sì ní àlàyé mìíràn. Àmọ́ tó bá jẹ́ òótọ́, ohun tó bí òṣùpá ṣì sùn lábẹ́ Áfíríkà.

Ká wá padà sọ́dọ̀ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́nà jíjìn, tó ń yí àwọn òòrùn mìíràn po. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn la ti mọ̀. Èwo nínú wọn ló lè ní òṣùpá ńlá bíi tiwa? Èèyàn á rò pé pílánẹ́ẹ̀tì tó bá tóbi jù ni òṣùpá rẹ̀ á tóbi jù. Ní 2022, Miki Nakajima àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá tóbi, agbára òòfà rẹ̀ pọ̀, ohun tó bá kọlù ú á sáré gan-an, ooru ìkọlù náà á sì sọ gbogbo akẹtẹ̀ òkúta di gáàsì pátápátá. Òṣùpá kékeré tó bá fẹ́ dàgbà nínú gáàsì yẹn dà bí ẹni tó ń sáré nínú odò tó mu ún dé itan. Gáàsì á máa dín eré rẹ̀ kù. Bí eré rẹ̀ bá sì ti ń dín kù, á máa jábọ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì kó tó lè tóbi. Nínú akẹtẹ̀ ti ayé wa, apá kan ni gáàsì, apá kan ṣì jẹ́ àpáta yíyọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí òṣùpá wa rí àyè dàgbà.

Ìṣirò wọn fi hàn pé pílánẹ́ẹ̀tì olókùúta tó bá ti wúwo ju ìlọ́po 6 ayé lọ, tó fẹ̀ ju ìlọ́po 1.6, kò lè bí òṣùpá tó tóbi sí i lọ́nà yìí. Bó bá jẹ́ ti oníyìnyín, ìwọ̀n ayé kan péré ló ti dópin. Ìdí nìyẹn tí Nakajima fi ń gba àwọn tó ń fi ẹ̀rọ awò-ìràwọ̀ wá òṣùpá kiri nímọ̀ràn pé kí wọ́n kojú sí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kékeré. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kékeré gan-an ló ṣòro láti rí, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sì tíì sí òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì ọ̀nà jíjìn kan tí gbogbo onímọ̀ jọ gbà pé àwọn ti rí.